ÀYÀ TÍ Ó JÁ ÀTI ÀYÀ TÍ Ó FÚN PỌ̀: ÌPAYÀ, ÌRẸ̀WẸ̀SÌ ỌKÀN ÀTI MÍMÍ LÁRA ALÁÌSÀN ÁSÍMÀ

1. Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá jókòó sí yàrá ìgbàtọ́jú kan ní Lákòwé ní àkókò ọyẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ gbólóhùn yìí: ‘Àyà mi fún pọ̀, n kò lè mí dáadáa.’ Gbólóhùn náà rọrùn létí, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti túmọ̀. Ó lè jẹ́ pé ojú ọ̀nà èémí ẹni tí ó sọ ọ́ ti há nítorí ásímà. Ó sì lè jẹ́ pé ìpayà ni ó bá a. Nígbà púpọ̀, méjèèjì ni ó wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtọ́jú tí yóò gbà dúró lórí bí ẹni tí ó ń tẹ́tí sí i bá ṣe gbọ́ ọ yé. Bí olúwarẹ̀ bá sì ṣì í gbọ́, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti ṣàlàyé bí ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe ń nípa lórí mímí ẹni tí ó ní ásímà, àti bí ásímà náà ṣe ń padà nípa lórí ọkàn. Èrò wa ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni ọkàn ń gbà dé ọ̀dọ̀ èémí: ọ̀nà ara, ọ̀nà ìtumọ̀, àti ọ̀nà ìwà. A ó sì fi hàn pé, nítorí pé inú àyà kan náà ni èdè Yorùbá fi ẹ̀rù àti èémí sí, olùtọ́jú tí ó gbọ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju ẹni tí kò gbọ́ ọ lọ. Bébà yìí kì í ṣe àbọ̀ ìwádìí ilé ìwòsàn. Orí iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti tẹ̀ jáde àti orí èdè ojoojúmọ́ ni a gbé e kà.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe àìsàn yìí ní ìgboro ni ásímà. Àwọn àgbà a máa pè é ní ikọ́ sémísémí, orúkọ tí ó fi iṣẹ́ àìsàn náà hàn, nítorí pé ó ń sé èémí mọ́ ènìyàn nínú. Àwọn mìíràn ń pè é ní ikọ́ fée. Orúkọ kẹta yìí kò já gaara, nítorí pé àwọn kan ń lò ó fún ikọ́ ife, èyí tí kòkòrò ń fà tí ó sì ń ràn. Ásímà kì í ràn. Nítorí náà, ásímà ni a ó máa lò.

A ó lo ìpayà fún ẹ̀rù tí ó pẹ́ lára ènìyàn, tí kò bá ohun tí ó fà á dọ́gba, tí ó sì ń dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. A ó lo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fún ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun tí ó bá ènìyàn gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, tí oorun, oúnjẹ àti agbára rẹ̀ sì yí padà. Àwọn méjèèjì yàtọ̀ sí ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ tí gbogbo ẹ̀dá mọ̀.

3. Àyà nínú èdè Yorùbá

Bí a bá yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wa wò, a ó rí i pé àyà ni ibùjókòó ẹ̀rù. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn lójijì, a ní àyà rẹ̀ já. Láti inú èyí ni a ti rí ìjáyà. Láti inú pa àti àyà ni a ti rí ìpayà. Ẹni tí ìròyìn búburú bá lójijì yóò ní àyà òun là gààrà. Ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà ni a kó láyà jẹ. Àyà náà sì ni ibùjókòó ìgboyà: ẹni tí kò bẹ̀rù ni a ń sọ pé ó láyà.

Èémí náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tí ó ń banújẹ́ a máa mí ìmí ẹ̀dùn. Ẹni tí wàhálà rẹ̀ tán a mí kanlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èémí àti ẹ̀mí sún mọ́ ara wọn létí àti ní ìtumọ̀, débi pé ẹni tí èémí rẹ̀ bá sé kò níláti ronú púpọ̀ kí ó tó ka ara rẹ̀ mọ́ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́.

A kò sọ èyí láti fi hàn pé Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ara àti ọkàn. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà lè ru ẹrù méjì. Ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n T. Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere sí àwọn onímọ̀. Ní 1960, Raymond Prince kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ròyìn orí tí ń gbóná àti ojú tí kò lè kàwé mọ́. Ní 1963 ni Alexander Leighton, Lambo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé wọn lórí àìsàn ọkàn láàárín àwọn Yorùbá jáde. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni pé ọ̀pọ̀ aláìsàn a máa fi ara ròyìn ohun tí ó wà lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ ní àkọ́jù lè rò pé gbogbo àyà tí ó fún pọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú ọ̀nà èémí ni ó ti dí.

4. Ohun tí ásímà jẹ́, àti ipò Lákòwé

Nínú ásímà, ojú àwọn ọ̀nà èémí tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró a máa wú, wíwú náà a sì máa wà níbẹ̀ pàápàá nígbà tí aláìsàn kò mọ nǹkan kan lára. Bí ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ bá dé, iṣan tí ó yí àwọn ọ̀nà náà ká yóò fún wọn pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò sì dí èyí tí ó ṣẹ́ kù. Afẹ́fẹ́ a máa wọlé, ṣùgbọ́n kì í lè jáde tán. Ìdí nìyí tí àyà fi ń súfèé nígbà tí aláìsàn bá ń mí síta. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2019, ènìyàn mílíọ̀nù 262 ni ó ní ásímà, àti pé 455,000 ni ó kú nípasẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún kan náà, Obianuju Ozoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ènìyàn tí ó lé ní 20,000 ní Nàìjíríà: àmì ásímà hàn lára ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ṣùgbọ́n ìdá 2.5 péré ni dókítà ti sọ fún pé ásímà ni. Èyí fi hàn pé ọ̀pọ̀ ni ó ń gbé àìsàn náà kiri láìmọ orúkọ rẹ̀.

Lákòwé wà lójú títì tí ó gba Àjáh lọ sí Ẹ̀pẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì. Ní ìwọ̀n ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, agbègbè náà ti di ibi ìkọ́lé. Wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kì ní oṣù kìíní 2023 àti ilé ìfọpo Dangote ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ọkọ̀ típà tí ó kó yanrìn, eruku, èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín igi ìdáná, àti ilé tí ó rin nítorí pé ilẹ̀ àbàtà ni a kọ́ ọ sí, gbogbo wọn ni ó lè dá ásímà sílẹ̀. Ohun tí ó lè dá ìpayà sílẹ̀ náà kò jìnnà: owó ilé, ilẹ̀ tí a ń tà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Àjáh, àti iṣẹ́ tí kò dúró lójú kan. Nítorí náà, ohun tí ń fún ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ àti ohun tí ń já àyà ń gbé ìlú kan náà.

5. Ọ̀nà kìn-ín-ní: Ara

Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, mímí rẹ̀ a yára. Lára ẹni tí kò ní ásímà, ìyẹn kò ju wàhálà ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Lára oní-ásímà, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí ń mí hẹlẹhẹlẹ a máa gba ẹnu mí. Afẹ́fẹ́ tútù àti gbígbẹ tí imú kò bá a mú lọ́wọ́ọ́wọ́ yóò sì lọ fara kan ọ̀nà tí ó ti wú tẹ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, bí mímí bá yára, àkókò mímí síta a kúrú, afẹ́fẹ́ àtijọ́ a sì há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Aláìsàn á wá máa tiraka láti mí sínú àyà tí ó ti kún. Lẹ́ẹ̀kẹta, iṣan vagus, tí ó so ọpọlọ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, ní agbára láti mú àwọn ọ̀nà èémí súnkì. Ìrusókè ọkàn sì lè ta iṣan yìí jí.

Ìwádìí kan tí Luparello àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1968 fi èyí hàn lọ́nà tí kò ṣeé gbàgbé. Wọ́n fún oní-ásímà 40 ní ìkùukùu omi iyọ̀ lásán láti fà símú, wọ́n sì sọ fún wọn pé ohun tí ń bí ásímà ni. Ọ̀nà èémí àwọn 19 nínú wọn súnkì. Àwọn 12 ní ìkọlù ásímà gidi, wọ́n sì ń súfèé. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní omi iyọ̀ kan náà, tí wọ́n sì pè é ní oògùn, ara tù wọ́n. Kì í ṣe irọ́ ni àwọn aláìsàn náà ń pa: ìrètí wọn dé inú ẹran ara. Ṣùgbọ́n kí á má gbàgbé pé àwọn 21 yòókù kò súnkì. Ọkàn lágbára lórí èémí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lára gbogbo ènìyàn, kò sì tó láti dá ásímà sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in.

6. Ọ̀nà kejì: Ìtumọ̀

Ọ̀nà kejì ni bí aláìsàn ṣe ń túmọ̀ ohun tí ara rẹ̀ ń sọ. Bí ènìyàn bá ń mí sáré jù, afẹ́fẹ́ carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a lọ sílẹ̀. Òòyì yóò máa kọ́ ọ, ìka ọwọ́ àti ètè rẹ̀ yóò máa ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, àyà rẹ̀ yóò sì fún pọ̀. Bí oní-ásímà bá rí èyí, kò sí ohun tí ó rọrùn fún un ju kí ó pè é ní ásímà lọ. Yóò fa ínhélà. Oògùn sàlbútámọ́ọ̀lù tí ó wà nínú ínhélà ìrànlọ́wọ́ náà a sì máa mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ọkàn sì máa lù kìkì. Gbígbọ̀n àti lílù yìí jọ ìpayà. Ìpayà náà á wá pọ̀ sí i, aláìsàn á sì tún fa ínhélà sí i. Bí a bá ka iye ìgbà tí ó fa ínhélà, a ó rò pé ásímà rẹ̀ ti le gan-an.

Òdì kejì wà tí ó léwu jù. Àwọn aláìsàn kan wà tí wọn kì í tètè mọ̀ nígbà tí ọ̀nà èémí wọn bá há. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì ti mú, tí ó ti gbà pé bí ayé òun ṣe rí nìyẹn, lè mọ̀ ọ́n kí ó má sì ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, ìpayà lè mú kí ásímà dàbí ẹni pé ó le ju bí ó ti rí lọ, ìrẹ̀wẹ̀sì sì lè mú kí ó dàbí ẹni pé kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí, tí a dá sílẹ̀ fún àlàyé. Ìyá kan tí ń tajà lẹ́bàá títì wá sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí:

‘Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Kí ni ó ń ṣe yín?’
‘Nọ́ọ̀sì, àyà mi fún pọ̀ láti òru àná.’
‘Ṣé mímí sínú ni ó nira jù, àbí mímí síta?’
‘Síta ni. Bí mo bá mí síta, ó ń súfèé.’
‘Ẹ ti fa ínhélà yín?’
‘Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ mi ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, òòyì sì ń kọ́ mi. Mo rò pé mo ti fẹ́ kú ni.’
‘Kí ni ẹ ń rò kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀?’
‘Mo gbé ínhélà náà mì, mo rí i pé ó ti fẹ́ tán. Mo wá ń ro iye tí wọ́n ń tà á báyìí, mo sì ń ro owó ilé-ìwé àwọn ọmọ.’

Súfèé náà jẹ́ ti ásímà. Èèrà tí ń rìn níka jẹ́ ti mímí sáré. Bí nọ́ọ̀sì bá dúró síbi gbólóhùn àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò gbọ́. Ìbéèrè mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ni ó ya àyà tí ó fún pọ̀ kúrò lára àyà tí ó já.

7. Ọ̀nà kẹta: Ìwà

Oríṣi ínhélà méjì ni ó yẹ kí á mọ̀. Ọ̀kan ń tú iṣan kíákíá, èkejì ń pa wíwú díẹ̀díẹ̀. Èkejì yìí ni ó ń dènà ikú, ṣùgbọ́n kì í fún aláìsàn ní ìtura lójú ẹsẹ̀. Ó gba kí ènìyàn máa fà á lójoojúmọ́, kí ó sì nígbàgbọ́ pé ọ̀la yóò dára. Irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń jí gbé. Ẹni tí ó rẹ̀wẹ̀sì a gbàgbé oògùn, a dẹ́kun ìrìn, a sì yẹra fún àwọn ènìyàn. Ojútì náà wà níbẹ̀: àwọn kan kì í fẹ́ fa ínhélà níwájú àna, níwájú ọ̀gá, tàbí nínú ọkọ̀ èrò.

Owó náà kò ṣeé fojú fò. Ní oṣù kẹjọ 2023, ilé iṣẹ́ GSK kéde pé òun ń kásẹ̀ iṣẹ́ òun nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà, iye owó àwọn ínhélà tí ó ń kó wọlé, bíi Ventolin àti Seretide, fò sókè gidigidi. Ẹni tí ó ń fi ínhélà pamọ́ kí ó má baà tán kì í ṣe aláìgbọràn. Ó ń ṣírò ni. Ṣùgbọ́n ìṣírò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìpayà, ìpayà náà sì ń padà bọ̀ sínú èémí.

Ásímà pẹ̀lú ń ṣe ọkàn ní ibi. Oorun tí ikọ́ òru ń gbà, iṣẹ́ tí a pa jẹ, àti oògùn prednisolone oníhóró tí ó lè yí ìṣesí ènìyàn padà, gbogbo wọn ń fa ọkàn sílẹ̀. Ní 2007, Scott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èsì ìwádìí láti orílẹ̀-èdè 17 jọ, Nàìjíríà wà lára wọn, ènìyàn tí ó lé ní 85,000. Wọ́n rí i pé ìṣeéṣe ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára oní-ásímà tó ìlọ́po 1.6 ti ẹni tí kò ní in, ti ìpayà sì tó ìlọ́po 1.5.

8. Èrò àtijọ́ kan tí ó yẹ kí á yẹra fún

Ní 1886, John Mackenzie ní Baltimore ròyìn obìnrin kan tí òdòdó rose ń bí ásímà rẹ̀ nínú. Nígbà tí dókítà náà fi òdòdó àtọwọ́dá hàn án, ásímà náà dé. Láti inú irú ìròyìn báyìí ni àwọn kan ti gba pé ọkàn nìkan ni ó ń dá ásímà sílẹ̀. Franz Alexander, nínú ìwé rẹ̀ ti 1950, ka ásímà mọ́ àwọn àìsàn tí ìjà inú ọkàn ń bí. Ó sì dá ìbẹ̀rù pípínyà pẹ̀lú ìyá lẹ́bi. Àwọn onímọ̀ kò gba èyí mọ́. Ẹni tí a bá sọ fún ní Lákòwé pé ‘inú ọkàn rẹ ni ó wà’ yóò gbọ́ ọ̀kan nínú ohun méjì: pé irọ́ ni òun ń pa, tàbí pé wọ́n ń pe òun ní wèrè. Kò sí èyí tí yóò mú un padà wá sí ilé ìwòsàn.

9. Ohun tí ó tọ́ kí á ṣe

Lákọ̀ọ́kọ́, níbi tí iyèméjì bá wà, kí á kọ́kọ́ tọ́jú ásímà. Ẹni tí kò lè parí gbólóhùn kan, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tí àyà rẹ̀ dákẹ́ lójijì láìsúfèé mọ́ nígbà tí ó ṣì ń tiraka, kì í ṣe ẹni tí a ó máa bi nípa ìrònú. Ilé ìwòsàn ni kí á gbé e lọ kíákíá. Lẹ́yìn tí ara bá rọlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkàn kàn.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí á wọn èémí níbi tí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí aláìsàn ń fẹ́ èémí sí, tí ó sì ń fi iye hàn. Ẹni tí àyà rẹ̀ fún pọ̀ tí iye rẹ̀ kò sì lọ sílẹ̀ ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rí yìí a máa tù ú nínú ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí á kọ́ aláìsàn ní mímí: kí ó gba imú mí, kí ó rọra, kí mímí síta sì gùn ju mímí sínú lọ. Ní 2018, Bruton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí oní-ásímà 655 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí a kọ́ ní mímí rí ìgbé-ayé tí ó sàn sí i, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀dọ̀fóró wọn kò yí padà. Èsì yìí ṣe pàtàkì fún àlàyé wa. Mímí jẹ́jẹ́ ń tọ́jú àyà tí ó já. Kò lè rọ́pò oògùn àyà tí ó fún pọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí á lo ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fi ń sọ̀rọ̀. Ní Zimbabwe, Dixon Chibanda lo àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń jókòó pẹ̀lú ènìyàn lórí àga ìjókòó, ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ tí ó túmọ̀ sí ríronú jù ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n wa. ‘Ṣé ọkàn yín balẹ̀?’ jẹ́ ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni lè dáhùn láìtijú.

10. Ìparí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í dá ásímà sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ara, ìtumọ̀ àti ìwà dé inú èémí, ásímà náà sì ń gba ọ̀nà kan náà padà sínú ọkàn. Iṣẹ́ kù fún ẹ̀ka wa láti ṣe. Kò sí àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó péye lórí bí àwọn ará Lákòwé, Àjáh àti Ẹ̀pẹ́ ṣe ń ròyìn èémí wọn, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ya ọ̀rọ̀ àgbà sọ́tọ̀ sí ti ọ̀dọ́, tàbí ẹ̀ka-èdè etíkun sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ fún ilé ìkówèésí lásán. Bí nọ́ọ̀sì kan bá mọ̀ pé àyà tí ó fún pọ̀ ní ìtumọ̀ méjì, yóò béèrè ìbéèrè kejì. Ìbéèrè kejì náà ni ó sì lè dá èémí aláìsàn padà.